Ìṣòro Bàbá Nínú Ilé: Ṣé Kí Ará Ilé Gbọ́ Ni, Tàbí Kí Wọ́n Má Gbọ́?

    Ìnáwó ọmọ gan-an ni ó bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kejì Ìdáádì wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni ó yọ̀ǹda fún wa pé kí á sọ ìtàn náà, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà mọ Kùránì í kà, ohùn rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ sì dára bí ó bá ń kọ Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà kejì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́ dé. Bí ó bá sì dé, kí á tó parí gbólóhùn méjì nínú ẹ̀kọ́ náháwù, orí rẹ̀ ti sọ̀ sórí tábìlì, ó ti sùn lọ. A bá a wí, kò yí padà. A nà án. Lọ́sẹ̀ kejì a tún nà án. Kò sunkún, kò sì rojọ́, ilẹ̀ ni ó ń wò. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ní oríkunkun ni, àwa náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yóò yé wa, àwọn ayánilówó kan ni wọ́n wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ọmọ yìí, àwọn tí ará àdúgbò ń pè ní gbọ́múlélántà. Wọ́n ní àwọn kò ní dìde títí ìyá ọmọ yóò fi san owó tí ó jẹ àwọn. Ariwo sọ, èrò pé. Àwọn aládùúgbò ránṣẹ́ sí Lèmọ́mù, Lèmọ́mù sì ránṣẹ́ sí àwa náà pé ilé ọmọ wa kan ń dàrú. A lọ, a jókòó, a gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá láti oṣù méje sẹ́yìn. Kò sọ fún ẹnì kan. Ní àràárọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, yóò wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ó ti lọ̀, yóò gbé báàgì rẹ̀, yóò jáde bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń tún táyà ṣe ni ó ń lọ jókòó sí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ìyàwó bá béèrè owó oúnjẹ, yóò ní wọn kò tíì san owó oṣù. Ìyàwó náà gbọ́, kò gbà á gbọ́. Ó rò pé obìnrin mìíràn ni ó ń ná owó náà fún. Nítorí pé kò fẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀ lójú àwọn ọmọ, ó lọ yáwó èlé kí ó lè fi kún owó àkàrà tí ó ń dín. Òun náà kò sọ fún ọkọ. Ọmọ ní tirẹ̀ jí lóru ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sunkún nínú òkùnkùn. Kò béèrè ohunkóhun. Láti ọjọ́ kejì ni ó ti ń jí ní aago mẹ́rin, tí ó ń lọ pọn omi níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, kí ó tó wá sí ilé kéú. Owó tí wọ́n bá fún un, inú ike tí ìyá rẹ̀ ń kó owó àkàrà sí ni ó ń rọra jù ú sí. Ìyá rí i pé owó òun ń pọ̀ ju ọjà tí òun tà lọ. Ó rò pé àlùbáríkà ni. A ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni lè sọ pé kì í ṣe àlùbáríkà.

Ẹ wò ó, ènìyàn mẹ́ta lábẹ́ òrùlé kan, ẹrù kan náà ni wọ́n jọ rù, kò sì sí ọ̀kan tí ó mọ̀ pé ẹnì kejì òun rù ú. Bí bàbá bá wọlé, a máa jágbe nítorí iyọ̀ tí ó pọ̀ nínú ọbẹ̀. Ìyá a máa dá a lóhùn gán-ín-gán-ín. Ọmọ rò pé bàbá kórìíra òun, bàbá sì rò pé ọmọ ti ń di ìpáǹle nítorí ó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ebi kò tíì pa wọ́n dé ojú ikú nígbà náà. Ìfura ni ó fẹ́ tú ilé wọn.

Àwa tí a gbé pàṣán ńkọ́? Ọmọ tí ó ṣiṣẹ́ fún ìyá rẹ̀ láti òru ni a nà pé ó ń sùn. A mọ gbogbo ohun tí Súrà Luqman sọ nípa òbí, a sì ti kọ́ ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ yìí. Òun ń ṣe é, àwa ń nà án. Kò sí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ kan béèrè pé, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé?" A bẹ ọmọ náà lójú bàbá rẹ̀. Ó rọrùn fún un láti dárí jì wá ju bí ó ti rọrùn fún wa láti bẹ̀ ẹ́ lọ.

Kí ni ó fà á tí ilé fi ń rí báyìí? Àwa Yorùbá fẹ́ràn kí àṣírí bò, ẹ̀sìn wa náà sì fẹ́ ẹ. Kò sí àdúrà tí a máa ń ṣe tí a kì í fi "Ọlọ́hun má tú wa láṣìírí" kún un. Àwọn àgbà tún ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ta ni a ń bo àṣírí? Lọ́wọ́ ará ìta ni. Ìgbà wo ni ìyàwó ẹni di ará ìta? Nínú Súrà Baqarah, níbi tí Ọlọ́hun ti ń sọ̀rọ̀ òru ààwẹ̀, ó fi tọkọtaya wé aṣọ fún ara wọn. Aṣọ ni a fi ń bo ìhòòhò lójú ayé, ṣùgbọ́n aṣọ kan náà ni ó fara kan eéwo tí ó wà lẹ́yìn wa. Ta ni ó ń fi eéwo pamọ́ fún aṣọ tí ó wọ̀ sọ́rùn? Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ yóò bọ́ aṣọ sílẹ̀ ni, ìhòòhò ni yóò sì wà.

Ẹ jẹ́ kí á wo ilé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ní nǹkan bí ọdún 610, nígbà tí Màláíkà Jibril kọ́kọ́ wá bá a nínú ihò Hira, jìnnìjìnnì bò ó, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ta ni ó sá tọ̀ lọ? Kò tọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, kò tọ Abu Talib tí ó tọ́ ọ dàgbà lọ. Ilé ni ó lọ, ó lọ bá Khadijat ìyàwó rẹ̀, ó ní kí wọ́n da aṣọ bo òun. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì sọ fún un pé ẹ̀rù ara òun ń ba òun. Ẹni ogójì ọdún ni nígbà náà, ẹni tí gbogbo Mẹ́kà ń pè ní olóòótọ́. Kò rò pé iyì òun yóò bọ́ lójú ìyàwó. Khadijat kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ka ìwà rere ọkọ rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan: bí ó ti ń so okùn ẹbí pọ̀, bí ó ti ń ru ẹrù aláìlágbára, bí ó ti ń ṣe àlejò, ó ní Ọlọ́hun kò ní dójú tì í. Lẹ́yìn náà ni ó mú un lọ sọ́dọ̀ Waraqah, ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀, tí ó ní ìmọ̀ ìwé àtijọ́. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó kọ́kọ́ gba Ànábì gbọ́ nínú gbogbo ẹ̀dá, ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rù rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Hudaybiyyah ní ọdún kẹfà lẹ́yìn Hijira, èyí tí í ṣe ọdún 628. Àwọn sàábé tí wọ́n tó nǹkan bí 1,400 wà níbẹ̀, inú wọn bàjẹ́ nítorí àdéhùn tí a bá àwọn Kùráìṣì ṣe. Ànábì ní kí wọ́n pa ẹran wọn, kí wọ́n sì fá orí. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnì kan kò dìde. Ó wọlé tọ ìyàwó rẹ̀ Umm Salamah lọ nínú àgọ́, ó sọ ohun tí àwọn ènìyàn ṣe sí i. Umm Salamah ní kí ó jáde, kí ó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ó pa ẹran tirẹ̀, kí ó sì pe ẹni tí yóò fá orí rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i, gbogbo wọn dìde. Àwọn ọkùnrin kan ń bẹ lónìí tí wọn kò lè sọ fún ìyàwó wọn pé máníjà bú àwọn níbi iṣẹ́.

Ẹnì kan lè ní ìyàwó nìyẹn, ti ọmọ ńkọ́? Ṣé ó tọ́ kí ọmọ gbọ́ ìdààmú bàbá? A fẹ́ kí á dúró díẹ̀ síbí, nítorí ní ọdọọdún ni a ń pa àgbò Iléyá, ọ̀pọ̀ wa kò sì kíyè sí apá kan nínú ìtàn náà. Ànábì Ibrahim lá àlá pé òun ń dúńbú ọmọ òun. Àlá Ànábì, àṣẹ ni. Ìdánwò wo ni ó tún le ju èyí lọ fún bàbá? Arúgbó ni, ó ti wá ọmọ títí kí ó tó rí i. Ì bá pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra, kí ó tan ọmọ lọ sí oko bí ẹni pé igi ni wọ́n fẹ́ ṣẹ́. Kùránì nínú Súrà Saffat fi yé wa pé ó sọ ọ́ fún ọmọ náà gan-an, ó sì tún bi í pé kí ni èrò rẹ̀ sí i. Bàbá bi ọmọ ní èrò rẹ̀! Ìdáhùn tí ó rí ni pé kí ó ṣe ohun tí a pa láṣẹ fún un, pé òun yóò ní sùúrù bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ṣé ẹ rò pé ọmọ náà ì bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni ó ti ṣàdédé rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀? Òtítọ́ tí bàbá sọ fún un ni ó fún un ní àyè láti ní sùúrù. Ọmọ tí a kò sọ ohunkóhun fún, sùúrù wo ni yóò ní? Kò mọ ohun tí òun ń ṣe sùúrù sí.

Àwọn alùfáà ẹlẹgbẹ́ wa kan yóò ní Ànábì Yaqub kò rojọ́ ìbànújẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni àfi Ọlọ́hun. A gbà. Ṣùgbọ́n ẹ tún Súrà Yusuf kà dáadáa. Ọdọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó wà nígbà tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó sunkún níṣojú wọn títí ojú rẹ̀ fi funfun, ó sì ní kí wọ́n lọ wá Yusuf àti àbúrò rẹ̀, kí wọ́n má sọ ìrètí nù. Ẹjọ́ Ọlọ́hun ni kò rò fún ènìyàn. Ìbànújẹ́ rẹ̀ kò pamọ́ fún ará ilé rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe sí i lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń wí pé "Ọlọ́hun, kí ni mo ṣe fún ọ?" yàtọ̀ sí ẹni tí ó wí pé "Ìyá Sikirat, owó ti tán lọ́wọ́ mi o, ẹ jẹ́ kí á jọ rò ó." Khawlah ọmọ Tha'labah pàápàá gbé ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ wá bá Ànábì, ó ń tẹnu mọ́ ọn, ó sì ń ké sí Ọlọ́hun. Ọlọ́hun kò pe ìyẹn ní àìsàn ọkàn tàbí àìgbàgbọ́. Ó sọ̀ súrà kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, Súrà Mujadalah, èyí tí í ṣe ìkejìdínlọ́gọ́ta nínú Kùránì.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ti ara wa, nítorí a kì í fi ẹlòmíràn nìkan ṣe àpẹẹrẹ. Awakọ̀ ni bàbá tí ó bí wa lọ́mọ. Ní ọdún 1994, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ fún bí oṣù méjì, ọkọ̀ rẹ̀ jókòó sí ojúde ilé, tàkúté eku ni àwọn ọmọ fi abẹ́ rẹ̀ dẹ. Síbẹ̀ a kò pa ilé kéú jẹ fún ọjọ́ kan ṣoṣo nítorí owó. A kò béèrè ibi tí owó ti wá, kò sì sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ó tó di olóògbé. Ní ọjọ́ kẹjọ, bí a ti ń ṣe àdúrà fún un, ọkùnrin àgbàlagbà kan dìde, ó rọra sọ fún Lèmọ́mù pé òun ní owó lọ́wọ́ olóògbé. Àwa ọmọ pariwo lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n wa kan pè é ní ẹlẹ́tàn, ó ní ẹni tí ó ti kú kò lè jà fún ara rẹ̀ ni ó ṣe wá. Ọkùnrin náà kò bá wa jà. Ó ká etí agbádá rẹ̀, ó lọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni a ń to àwọn ìwé bàbá wa, a sì rí ìwé kékeré kan tí ó fi àjàmí kọ, Yorùbá pọ́ńbélé ní lẹ́tà Lárúbáwá. Orúkọ ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀, ọdún 1994 wà níbẹ̀. Ohun tí ó fi owó náà ṣe tún wà níbẹ̀: owó ilé kéú wa ni. Owó tí a tìtorí rẹ̀ bú àgbàlagbà ní gbangba, òun ni ó sọ wá di àfáà tí ẹ̀ ń kí. A wá ọkùnrin náà lọ, a dọ̀bálẹ̀, a san owó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye rẹ̀ kò lè ra àpò sìmẹ́ǹtì kan mọ́ nígbà tí à ń san án. Ó gbà á. Ó ṣe àdúrà fún bàbá wa. Ṣùgbọ́n a fi àga lọ̀ ọ́ ní ojúde ilé rẹ̀ gan-an pé kí á jọ jókòó díẹ̀, kò jókòó.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ ronú sí èyí. Āyà tí ó gùn jù lọ nínú Kùránì Alápọ̀nlé kì í ṣe ti ìrun, kì í ṣe ti ààwẹ̀. Ti gbèsè ni, ẹsẹ 282 nínú Súrà Baqarah, pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì wá ẹlẹ́rìí sí i. Ogún kò ṣe é pín títí a ó fi san gbèsè olóògbé. Ànábì a máa béèrè nídìí òkú bóyá gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, ìgbà kan sì wà tí kò fẹ́ kírun sí òkú kan lára títí Abu Qatadah fi gba gbèsè náà sọ́rùn. Nítorí náà bàbá tí ó fi gbèsè pamọ́ fún ará ilé kò bo àṣírí kankan. Ó kàn gbé ìtúfó rẹ̀ dúró de ọjọ́ tí kò ní sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé ni.

Ẹ̀yin yóò rò pé ìwé àjàmí yẹn ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Kò tíì kọ́ wa tó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróò tí à ń rà ní nǹkan bí 190 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, apá wa kò ká owó ọkọ̀ mọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ rìn wá sí mọ̀dárásà. A sọ fún ará ilé pé dókítà ni ó ní kí á máa rìn kí ara wa lè dá. Dókítà wo? Kí Ọlọ́hun foríjì wá. Lọ́jọ́ kan ọmọ wa obìnrin béèrè owó aṣọ wòlíímà, a sì jágbe mọ́ ọn bí ẹni pé ó jalè. Ní alẹ́, oorun kò kùn wá. A pè é, a sọ òtítọ́ fún un. Ó ní, "Bàbá, mo ti mọ̀. Ṣebí èmi ni mò ń fọ bàtà yín." Ó ti rí i pé ìsàlẹ̀ bàtà ti jẹ tán. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé ó rò pé òun ni òun ṣẹ̀ wá tí a fi ń kanra. Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó tún rán tí ó fi ṣe wòlíímà náà, ẹnu rẹ̀ ni a sì ti gbọ́ pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mẹ́ta ni wọn kò ní wá rárá nítorí owó aṣọ. A kò bá má mọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àmọ́ o, a kò wí pé kí ilé di ibi ìráhùn. Bí bàbá bá ń ka ìṣẹ́ lójoojúmọ́ lórí oúnjẹ, oúnjẹ náà yóò korò lẹ́nu ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti yàrá tọkọtaya, inú yàrá ni kí ó wà. Èyí tí ó burú jù lójú tiwa ni ti ìyá tí ó ń fi ọmọ ṣe ẹlẹ́rìí lòdì sí bàbá, tí ó ń sọ àléébù ọkọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá lóru, tàbí bàbá tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá. Ìyẹn kì í ṣe sísọ ìṣòro, ọmọ ni wọ́n ń fà ya. Ilé olórogún tún ní ọgbọ́n tirẹ̀: bàbá tí ó bá sọ fún ìyáálé tí kò sọ fún ìyàwó, ó ti dá ìjà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ó pe gbogbo wọn, kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí a sì sọ fún kò gbọ́dọ̀ tipa bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ń bọ́ ilé. A sọ fún un kí ó lè mọ̀, kí ó lè ṣe àdúrà, kí ó sì ṣe ìwọ̀nba tí agbára rẹ̀ mọ. Èyí tí ó kù, ọrùn àgbà ni.

Ẹ̀yin ọmọ kéú, bí bàbá tàbí ìyá yín bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún yín, àmáánà ni. Kì í ṣe ohun tí a ń gbé wá sí ìdí igi máńgòrò lásìkò ìsinmi. Ẹ̀yin náà ẹ máa sọ tiyín. Ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ ní ọ̀nà ilé kéú, ọmọ tí kò ríran dé ojú pátákó tí ó ń díbọ́n pé òun ń kọ nǹkan, ọmọ tí ó ṣì ń tọ̀ sílé tí ó sì ń fi aṣọ rẹ̀ pamọ́, a mọ̀ pé ẹ wà láàárín wa. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Ti ẹ̀yin jàmáà mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nínú Súrà Baqarah nípa àwọn aláìní kan tí ẹni tí kò mọ̀ yóò kà kún ọlọ́rọ̀ nítorí pé wọn kì í tọrọ. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n máa ń wọ̀, báàgì wà lọ́wọ́ wọn, sàáfù iwájú ni wọ́n sì ń dúró sí. Bí a bá fẹ́ kí irú wọn lè sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí á dẹ́kun fífi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe orúkọ ẹni tí a fún ní sàká. Ta ni yóò sọ ìṣòro rẹ̀ fún Lèmọ́mù bí ó bá mọ̀ pé òun yóò gbọ́ ọ padà lórí òrùlé mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀?

Ní mọ̀dárásà wa, láti sáà yẹn ni a ti fi ẹnu kò pé olùkọ́ kan kò gbọ́dọ̀ gbé pàṣán sí ọmọ tí ó pẹ́ dé àfi bí ó bá ti kọ́kọ́ pè é sí kọ̀rọ̀, tí ó bi í ní ohun tí ó fà á, tí ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Olùkọ́ méjì kọ́kọ́ bínú sí i, wọ́n ní a fẹ́ ba ọmọ jẹ́. Ẹnì kan nínú wọn ti gbà báyìí.

Ní ti ọmọkùnrin Ìdáádì yẹn, bàbá rẹ̀ kò lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ lásán mọ́, ó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Òun ni ó ń lọ ẹ̀wà àkàrà fún ìyàwó rẹ̀ ní ìdájí kí ó tó lọ. Gbèsè náà kò tíì tán. Orí ògiri pálọ̀ ni wọ́n kọ èyí tí ó kù sí, ọmọ náà ni ó kọ ọ́ ní Lárúbáwá kí àlejò má baà lè kà á, òun ni ó sì ń pa á rẹ́ tí ó ń kọ iye tuntun bí wọ́n bá ti san díẹ̀. Ó ṣì ń pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pẹ́, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò sọ ìdí rẹ̀, a ó sì ní kí ó wọlé.